Ọta Tí Bàbá Ajíbóyè Dì Nílé

Lẹ́yìn ilé Bàbá Barnabas Ajíbóyè ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, èèpo ọta ìbọn tí àwọn ọdẹ ti yìn jù nù tò sórí tábìlì bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Bàbá fẹ́ kún wọn padà fúnra rẹ̀. Julianah ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìlérí, sì ti sọ ọ́ kó tó jáde lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ: bí ọta àfọwọ́ṣe yìí bá tún dójú ti òun lónìí, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni ìbọn náà ń lọ, kí wọ́n fi rọ ọkọ́. Ibi tí Bàbá ti ń ro ti ọkọ́ yìí ni Mùtàlíbù, télọ̀ Òkè Baálẹ̀ tó wá kí Munawwarah àbúrò rẹ̀, ìyàwó ọmọ Bàbá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ti yọ sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ní kí n dágbére kí n tó máa lọ sí Òṣogbo."

"Òṣogbo wo? Jókòó, àna mi. Ọ̀yà ló ń wu àbúrò rẹ jẹ. Mo sì ti ṣèlérí níwájú gbogbo ilé, níwájú pásítọ̀, níwájú ìkókó fúnra rẹ̀, pé kí oòrùn òní tó wọ̀, ọ̀yà á wọ ìkòkò. Ìwọ lo máa bá mi gbé àpò."

"Bàbá, télọ̀ ni mí o."

"Ìdí tí mo fi yàn ọ́ nìyẹn. Fún mi ní àjákù aṣọ, mo fẹ́ fi dí ọta lẹ́nu."

Mùtàlíbù tú àpò rẹ̀ wò. "Gíní nìkan ló wà níbí o."

"Mú un wá. Ọ̀yà á mọ̀ pé ilé ọlá ni wọ́n ti ń yìn òun."

"Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí gan-an?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo tú ọta kan palẹ̀, mo jókòó tì í, mo wò ó títí ó fi jẹ́wọ́. Eléyìí tí mo dì lọ́dún tó kọjá, ẹtu kan dúró lókè ibẹ̀ yẹn. Mo yìn ín. Ìró nìkan ló pa ẹtu! Ọta ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

"Munawwarah ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ yìn."

Bàbá na ọwọ́ sí ilé ìdáná. Kọ́tìnì ló rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o rí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó tán. Mo ní kí o wo agbára ni. Lọ bá mi mú agolo mílíìkì tó wà lójú fèrèsé wá. Òjé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sínú ọta ló wà nínú ẹ̀."

Mùtàlíbù lọ, ó sì bọ̀. Ó gbọn agolo náà létí, ó sì dúró.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Òun náà ni. Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìlérí kó irúgbìn ilá sínú èkejì, ó sì ti gbé e lọ gbìn. Èmi ni mo tò wọ́n fún un kó má baà ṣì í mú, nítorí ojú obìnrin yẹn ò ríran dáadáa mọ́. Mo ní òjé lọ́wọ́ ọ̀tún, ilá lọ́wọ́ òsì."

"Ọ̀tún ẹni tó wà níta ni àbí ọ̀tún ẹni tó wà nínú yàrá?"

"Mùtàlíbù! Ọ̀tún ni ọ̀tún! Ṣé ọwọ́ tí o fi ń jẹun máa ń yí padà tí o bá wọlé ni?"

"Rárá, Bàbá. Mo kàn béèrè ni." Ó tẹjú mọ́ ebè kan tó tutù rinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí koríko kan ò sí lórí rẹ̀. "Ilá yẹn náà ló wà níbí yìí? Kò tíì hù."

"Báwo ló ṣe fẹ́ hù? Àràárọ̀ ló ń bomi rin ín, tó ń kọrin sí i, tó ń gbàdúrà lé e lórí. Mo sọ fún un pé kò bá sáyẹ́ǹsì mu. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbìn."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọta. Awò ojú rẹ̀ wà lápò, ṣùgbọ́n òun kì í lò ó níwájú àlejò. Ó fún Mùtàlíbù ní agolo kó máa bá òun bu òjé.

"Bàbá, òjé yìí mà fúyẹ́ o."

"Òjé ìgbàlódé ni. Bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òjé ń fúyẹ́."

"Mo rò pé òjé máa ń wúwo ni."

"Nígbà tí bàbá rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ṣé fóònù wúwo mọ́ bíi ti àtijọ́?"

Mùtàlíbù ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ ni. Ibi tó ti ń ronú ni hóró kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adìyẹ kan sáré yọ lábẹ́ tábìlì, ó ṣà á, ó gbé e mì, ó sì gbójú sókè bóyá òmíràn ń bọ̀.

"Bàbá! Adìyẹ jẹ òjé!"

"Áà! Àṣá tó bá gbé ìyẹn, eyín rẹ̀ á ká."

"Ṣé àṣá ní eyín ni?"

"Kò ní ní mọ́."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìn ebè ilá, wọ́n wọ inú oko ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọ̀yà ti ń jẹ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbìn ín. Bàbá lúgọ sẹ́yìn kùkùté kan, ọta gíní kan nínú ìbọn. Ó rọra wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí Mùtàlíbù tó yọ ọ̀bẹ tó ń dán.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?"

"Èyí tí màá fi dú u ni, Bàbá."

"Dú kí ni? Òkú?"

"Kó tó kú ni o. Munawwarah kì í jẹ òkú ẹran. Tí ẹ̀mí bá ti jáde kí ọ̀bẹ tó kàn án lọ́rùn pẹ̀lú bisimilahi, ẹ kàn sè é lásán ni."

Bàbá Ajíbóyè gbé ojú kúrò lára ìbọn, ó wo ọ̀bẹ náà, ó tún wo ìbọn.

"Mùtàlíbù."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Láti ọ̀sán ni o ti wà lọ́dọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹtu."

"Mo ti kún ọta yìí fún erin! Tó bá fi lè kan ọ̀yà, irun imú ẹ̀ nìkan la máa kó délé!"

"Ṣé ẹ ò lè yìn ín díẹ̀ ni?"

"Yìn ín díẹ̀! Ṣé ọbẹ̀ ni tí màá fi ṣíbí bù?"

"Ẹ yìn ín lẹ́sẹ̀ nígbà náà."

"Ọta mi ò dá ẹsẹ̀ mọ̀ lára orí. Yéè, mo gbé! Tí mo bá yìn ín, ìyá ìkókó ò ní jẹ ẹ́. Tí mi ò bá yìn ín, Ìyá Ìlérí máa fi ìbọn bàbá mi ro ilá."

"Ilá tí kò hù yẹn?"

"Mùtàlíbù, jọ̀ọ́, dákẹ́."

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni ewéko ti mì. Ọ̀yà kan, tó sanra bí ọmọ ọlọ́jà, rọra yọ jáde, ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá ò fẹ́ yìn ín. Òun fúnra rẹ̀ búra lẹ́yìn náà pé òun ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìka ẹni tó ti ń fọ́nnu láti ọ̀sán, kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Pòòò!

Èéfín bo gbogbo oko. Bàbá ṣubú sẹ́yìn, ó sì jókòó sáàárín ebè. Ọ̀yà fò sókè, kò mọ ibi tó máa gbà, ó forí sọ kùkùté tí Bàbá lúgọ sí, ó sì dojú dé. Mùtàlíbù da àpò bò ó, ó jókòó lé e.

"Ṣé ó kú?" Bàbá béèrè láti inú èéfín.

"Kò kú o! Ó ń jà lábẹ́ mi! Bisimilahi, Allahu Akibaru!"

Nígbà tí èéfín fi máa ká, iṣẹ́ ti parí, Bàbá ti dìde, ó ti gbọn ṣòkòtò, ó sì ti fi ọwọ́ kan sí ìbàdí.

"Bí mo ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn."

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní irun imú—"

"Mò ń dán ìgbàgbọ́ rẹ wò ni. Láti ilé ni mo ti dín agbára ẹ̀ kù. Ọta àna Mùsùlùmí lèyí, òun nìkan ló wà láyé. Ó ń ta ẹran lójijì, ó sì ń fi ẹ̀mí sílẹ̀ fún ọlọ́bẹ."

"Mọ́nsúrátù ìyàwó mi ò ní gbà á gbọ́."

"Sọ fún un pé kó wá wò ó."

Mùtàlíbù yí ọ̀yà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ṣùgbọ́n kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára ẹ̀ o, àfi ọrùn tí mo dú. Gbogbo òjé yín ló há sínú irun ẹ̀. Ẹ wò ó."

Bàbá gba hóró kan. Ó gbé e sókè, ó gbé e sísàlẹ̀. Ó wo Mùtàlíbù, ó wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló rọra yọ awò ojú lápò, ó fi sójú. Ó gé hóró náà jẹ. Ó fọ́ kẹ́ẹ́.

"Bàbá, òjé ń fọ́ lẹ́nu yín?"

Bàbá tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ilá mà nìyí! Ilá lẹ yìn lu ọ̀yà! Abájọ tí adìyẹ—"

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ rántí pé mo béèrè? Mo ní ọ̀tún ẹni tó wà níta ni, àbí—"

"Mo ní mo ti gbọ́, Mùtàlíbù."

Wọ́n gbé ọ̀yà, wọ́n ń bọ̀ nílé. Mùtàlíbù ń ronú, iwájú orí rẹ̀ sì hunjọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n yọ lẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ́ orin. Ìyá Ìlérí ti dé láti ìpàdé. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ebè, ó ń fi ike bu omi lé e lórí, ó ń kọ orin ìyìn ní ohùn òkè.

Mùtàlíbù dúró lójijì.

"Bàbá! Tó bá jẹ́ ilá la yìn, òjé ni Ìyá ń bomi rin láti ọjọ́ yìí! Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ sọ fún wọn kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́."

Bàbá Ajíbóyè di apá rẹ̀ mú pinpin.

"Má dán an wò. Jẹ́ kó máa bomi rin ín. Bó bá fi lè so, màá kàn máa ká a ni, mi ò tún di ọta nílé mọ́ láyé mi."