Ọmọ Ọdẹ Kì í Lo Gírísì

Ṣàmsúdéènì ará Peckham kì í mutí, kì í mu sìgá, kì í bá ènìyàn jà. Ẹnu nìkan ni àìsàn tirẹ̀. Bí o bá ní òtútù mú lónìí, yóò ní èyí tó mú bàbá òun nínú igbó, níbi tí wọ́n ti ń dènà de ẹfọ̀n, ó ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá náà fi ogójì ọdún ṣe ní Ìsẹ́yìn! Ṣàmsúdéènì fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò àtijọ́ kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, ó di ìbọn mú, ó fajú ro. Igi ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì sì yọ lẹ́yìn igi náà.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yẹn," ni yóò máa wí fún àlejò. "Ẹ̀mí inú igbó ni! Ó wá kí bàbá mi ni. Télọ̀ tí wọ́n ń ṣe yẹn, cover lásán ni."

Fọ́tò yìí ló gbé e dé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ta àmì ní Kent. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wá wo àpótí irin tó kàn mọ́ ògiri fún ìbọn, wọ́n ní ó dáa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ẹgbẹ́, Aunty Rosaline ló gbà á lálejò. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sì ti ń yìnbọn níbẹ̀ láti ogún ọdún.

Ṣàmsúdéènì wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Aunty, ní ìdílé tiwa, obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn o."

Mama rẹ́rìn-ín. "Okay, dear."

Nígbà tí ìdíje ńlá kan kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ náà mú ènìyàn mẹ́rin. Èjìká ń dun Aunty Rosaline, wọ́n bá fi àyè tiwọn sílẹ̀ fún Ṣàmsúdéènì, wọ́n ní àwọn á dúró gẹ́gẹ́ bí arọ́pò. Inú ọkùnrin yìí dùn dé ìpẹ̀kun. Ó pe Alhaji Làtíìfù ní Lewisham, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí kò gba fọ́tò yẹn gbọ́ rí.

"Alhaji, ẹ wá wò mí on Saturday. Ogún kátíríìjì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nílé ni mo máa yìn. Tí wọ́n bá fi lè já mi kulẹ̀, ẹ wá já fọ́tò bàbá mi lára ògiri!"

"Àna mi, mo ń bọ̀," ni Làtíìfù dáhùn. "Màá charge phone mi dáadáa."

Iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí wọ́n bá ti yin kátíríìjì kan, ìkarahun idẹ rẹ̀ á wú. Èèyàn á fi gírísì díẹ̀ pa á lára, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò irin kan tó há, ìkarahun á sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó tún fi ẹ̀tù àti ọta kì í. Lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ gírísì yẹn sínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ṣàmsúdéènì kà á nídìí tábìlì kíṣìnì rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Gírísì kẹ̀? Àwọn tí bàbá wọn ò ṣọdẹ ni wọ́n kọ èyí fún."

Ó ki ìkarahun àkọ́kọ́ bọ ihò ní gbígbẹ, ó tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Àtijáde ló wá di wàhálà. Ó fà á, kò mira. Ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, ó ké bísímílà, ó tún fà á. Gbàùù! Etí ìdí ìkarahun náà ya kúrò, ara tó kù jókòó sínú irin, Ṣàmsúdéènì náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell dé, yọjú wò ó. "Daddy Aishah, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń test machine yìí ni."

"Ó jọ pé machine yẹn ló ń test yín."

Kò sí ẹni tó lè bá a yọ ọ́ ju obìnrin tó sọ fún pé obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn nílé tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé irin náà dé ọ̀dọ̀ Aunty Rosaline. Mama fi ohun èlò tiwọn fa ìkarahun náà yọ kí tíì tí wọ́n gbé fún un tó tutù.

"Ṣé o fi nǹkan pa á lára?"

"Ah, Aunty! Mo pa á dáadáa!"

"Okay, dear." Wọ́n yá a ní òṣùwọ̀n kékeré kan tó dà bí ife. "Tó o bá ti tẹ̀ wọ́n tán, fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú èyí. Èyí tó bá yọ sókè ò ní wọ ìbọn. Check every one. Ṣé o gbọ́?"

Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n gírísì òyìnbó ò wù ú síbẹ̀, ló bá gbé òrí tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ó bu ú tọwọ́tọwọ́, ó ń fi pa àwọn ìkarahun bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Òrí ò ríbi gbà nínú irin, ó bá ń ti idẹ sínú. Ìkarahun mẹ́fà ló jáde tí èjìká wọn tẹ̀ wọnú.

"Ṣé ẹ ti rí bí mo ṣe ń fi òrí sí àárín irun Aishah?" ni Mìsítúrà bi í. "Ìka kan, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ fẹ́ fi òrí gbogbo Ìlọrin pa á tán ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn," ni Ṣàmsúdéènì wí. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀, ogún ìkarahun sì jáde láìhá, láìtẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù irin yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Kó má baà tún gbé òmíràn mì, ó ti rọra yí irin náà sókè díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí kò fi tẹ àwọn ìkarahun náà dé ibi tó yẹ. Ó kì wọ́n bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n Aunty Rosaline wà lójú fèrèsé, ó ti di ibi tó ń gbé ṣíbí tíì sí. Ó ní ojú ọmọ ọdẹ tó òṣùwọ̀n.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Làtíìfù dúró lẹ́yìn okùn, ó gbé fóònù sókè. Ṣàmsúdéènì dùbúlẹ̀, ó fi kátíríìjì kìíní sínú ìbọn, ó fẹ́ ti ìbọn pa. Kò pa dé. Ó mú èkejì. Kò pa dé. Ó mú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹwàá, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ nínú òtútù. Títí tó fi dé orí ogún, ìkankan ò wọ ìbọn.

"Àna mi!" ni Làtíìfù ké. "Ṣé ìbọn yẹn ò mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́ ni?"

Wọ́n ní kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó dìde. Aunty Rosaline mú kátíríìjì kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé o fi òṣùwọ̀n wò ó?"

Ṣàmsúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn kátíríìjì rẹ̀ padà sínú àpò. Mi ò ní purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí níbi tá a dé yìí.

"Okay, dear," ni mama wí. Wọ́n fi èjìká tó ń dùn wọ́n dùbúlẹ̀ sí àyè rẹ̀, wọ́n yin ogún tiwọn, ẹgbẹ́ wọn sì gba ipò kìíní.

Làtíìfù tẹ̀ lé e délé, ó lọ tààrà sídìí fọ́tò. Ṣàmsúdéènì sáré fi ẹ̀yìn bò ó.

"Alhaji, ẹ dákun! Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, bàbá mi kọ́. Ọdẹ ni bàbá mi!"

"Mo ti fi video yẹn ránṣẹ́ sí bàbá yín ní Ìsẹ́yìn," ni Làtíìfù wí. "Mo dẹ̀ ti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí. Wọ́n ti dáhùn."

Ó tẹ fóònù, ohùn bàbá arúgbó sì gba pálọ̀ kan.

"Ṣàmsú, ta ló sọ fún ẹ pé ọdẹ ni mí? Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n lò. Ìbọn Bọ̀ọ̀dá Lámídì ni mo dì mú nínú fọ́tò yẹn. A jọ ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ni, oníyàwòrán wà pẹ̀lú wa, Bọ̀ọ̀dá ní kí n bá wọn gbé e dání. Àwọn ni wọ́n ni ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn igi. Wọ́n ń tọ̀ ni."