Agolo Ìwà àti Àtẹ́lẹwọ́ Ràfíátù

Ọjọ́ tí mo lọ kọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láìlo pàṣán, títí dòní ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Tí ẹ bá dé ibi ẹ̀rín, ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rọra, torí ibì kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń dùn mí.

Inú gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde la ti ṣèpàdé náà. Wọ́n ní kí tíṣà tó bá ní ọgbọ́n tuntun wá sọ ọ́ fáwọn yòókù, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa l'Ódògbolú sì fà mí kalẹ̀. Agolo Ìwà ni mo pe ọgbọ́n tèmi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì tirẹ̀. Tó bá ṣe dáadáa, á sọ hóró àgbàdo kan sínú rẹ̀. Tó bá di Jímọ̀, ẹni tí àgbàdo rẹ̀ pọ̀ jù ló máa lu agogo pé ká máa lọ sílé. Kò sí ẹgba, kò sí ìkúnlẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ̀gá ni pé ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi ṣe é. Eku wọ kíláàsì lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì jẹ ìwà rere gbogbo wọn tán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ń sunkún, wọ́n ń pe ara wọn lólè, orí mi gbóná, mo bá lọ fa pàṣán mi yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Látọjọ́ náà, pàṣán ọ̀hún ò padà síbẹ̀ mọ́.

Mo mú Ràfíátù dání, ọmọ kíláàsì mi kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, kó lè fi agolo han àwọn èèyàn. Agolo tuntun ni mo rà, èmi fúnra mi ni mo da àgbàdo kún un. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, la bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ìwà rere nílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà. Adìyẹ kan ń bá wa ṣa á.

A dé gbọ̀ngàn, iná lọ, fọ́tò tí mo fẹ́ fi ẹ̀rọ gbé sára ògiri ò ṣeé fi hàn wọ́n mọ́. Mo ní kò burú, mo lẹ káádíbọ́ọ̀dù tí mo kọ nǹkan sí mọ́ ògiri. Mo sọ fún wọn pé ó ti lé lọ́dún kan tí ọmọ kankan ò ti jẹ ẹgba lọ́wọ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Ọwọ́ mi ò tó òkè káádíbọ́ọ̀dù náà, mo bá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti fi tọ́ka.

Ràfíátù gbé agolo rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún síwájú mi, ó sì dijú. Kò sunkún, kò béèrè ohun tó ṣe. Ó kàn ń dúró.

Bàbá tíṣà kan tó jókòó níwájú wá ní, "Àǹtí, ẹ tètè ṣe ti ọmọ yẹn fún un, ọwọ́ ti ń ro ó." Ni gbọ̀ngàn bá dàrú fún ẹ̀rín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú ọmọ yẹn ṣì wà ní dídì. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, mo ra búrẹ́dì fún un, kò jẹ ẹ́.

"Ràfíátù, kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ní kíláàsì lẹ máa nà mí ni, àbí tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ní mi ò ní nà án. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," lóhùn ẹni tí kò gbà mí gbọ́. Omi ń bọ́ lójú mi títí a fi dé Odògbolú, mo sì ń sọ fáwọn èrò pé eruku ni.

Mo ṣẹ́ pàṣán náà sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìka ni mo fi ń tọ́ka sí bọ́ọ̀dù báyìí, ṣọ́ọ̀kì á kùn mí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ti kọ́ ọ pé kí n tó lọ ròyìn kíláàsì mi fún ayé, kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó jókòó nínú rẹ̀.

Ràfíátù ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìjẹta la pàdé lọ́nà, mo gbé ọwọ́ sókè láti kí i. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó kọ́kọ́ dijú. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Tèmi ni kò dénú.