Ògiri Tó Ń Kọrin Nílé Ọlátẹ́jú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí Àwẹ̀ró nílé ọkọ rẹ̀, ní Ìsẹ́yìn.

Ọlátẹ́jú ọkọ rẹ̀ ló ra sípíkà kan tí kò lo wáyà, tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń pàṣẹ orin fún un. Ẹlòmíì ì bá gbé e sórí tábìlì. Ọlátẹ́jú ní rárá o! Ó gbé òòlù, ó dá ihò sára ògiri pálọ̀, ó ki sípíkà bọ ibẹ̀, ó sì ta aṣọ bò ó. Bí àlejò bá dé, á ki ọwọ́ bọ àpò agbádá níbi tí fóònù wà, á jágbe pé, "Ògiri, lanu!" Jùjú á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àgbàlagbà!

Wákà ni Àwẹ̀ró fẹ́ràn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípíkà náà. Kíṣìnnì ló ti ń gbọ́ tirẹ̀, á ju fóònù sínú kọ́ọ̀pù kí ohùn rẹ̀ lè ròkè díẹ̀. Ó ń dùn ún wọra.

"Bàbá Móyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀."

"Ọjọ́ tí ògiri yìí bá kọ̀ láti gbọ́ tèmi lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, ó di tìẹ títí ayé!"

Kò mọ̀ pé nígbà tóun lọ sí Ṣakí, Móyọ̀ ọmọ wọn ti so fóònù ìyá rẹ̀ mọ́ sípíkà náà, tí tìyá-tọmọ sì jó títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹgbẹ́ Ọlátẹ́jú pé jọ sí pálọ̀, tọkọtaya.

"Ògiri, lanu!"

Jùjú bẹ̀rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, ohùn orin ń ròkè fúnra rẹ̀, ó ròkè títí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi da ọtí sáyà.

"Ògiri, rọra!"

Ògiri ò rọra. Ó dákẹ́ lójijì.

"Ògiri, mo ní kó o lanu!"

Ó ń tẹ fóònù nínú àpò, pàbó ló já sí. Òógùn bo Ọlátẹ́jú. Àfi bí ògiri ṣe lanu lóòótọ́, ló bá bú sí wákà! Ní kíṣìnnì, Àwẹ̀ró rí i pé wákà tóun ń gbọ́ lórí fóònù ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni ohùn ti ń jáde. Nígbà tó yọjú, gbogbo ìyàwó ẹgbẹ́ ti dìde jó.

"Dákẹ́! Ta ló wà nínú ògiri mi?" Ọlátẹ́jú fa aṣọ náà ya.

Aláǹgbá olórí pupa kan ló nà gbalaja sórí sípíkà, tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan tẹ òmíràn, títí sípíkà fi kúrò lára fóònù ọkọ bọ́ sórí ti ìyàwó. Ó wo baálé ilé, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwẹ̀ró ò jẹ́ kó tutù. "Bàbá Móyọ̀, ẹ ní bí ògiri bá kọ̀ yín lójú ẹgbẹ́, tèmi ni. Ẹgbẹ́ rèé, ògiri rèé."

"Tìẹ ni, ìyàwó!" ni gbogbo pálọ̀ hó. Ayọ̀ gbomi lójú obìnrin náà. Ó ká ìró, ó bọ́ sí àárín agbo, ó jó bí ẹni gbàlú.

Ọlátẹ́jú fi ọwọ́ lẹ́rán. "Àwẹ̀ró, báwo ni aláǹgbá ṣe ráyè wọ inú ògiri mi?"

Alàgbà Fágbóyè, olórí ẹgbẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ṣé ìwọ ló ń bi ni? Láti ìgbà tá a ti dé lo ti ń pàṣẹ fún un pé kó lanu! Ọmọ mi, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."