Géètì Tó Bá Alága Wọ Ọ́fíìsì

Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ló fi ṣéènì so ara rẹ̀ mọ́ géètì.

Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ o!

Àga onírin là ń ṣe nílé iṣẹ́ wa. Gbogbo ayé ló ń jókòó lé e, àwa tí à ń ṣe é la ò ráyè jókòó. Ọ̀gá wa ló fà á. Tí agogo ìparí iṣẹ́ bá ti dún, tí kálukú ti ń nu ọwọ́, ọ̀gá á yọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ dúró díẹ̀."

Díẹ̀ kẹ̀! Díẹ̀ tí ọmọ á ti sùn kí bàbá rẹ̀ tó délé! Díẹ̀ tí kò sówó níbẹ̀, tí kò sí "ẹ ṣé" níbẹ̀! Díẹ̀ ọ̀gá wa, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á kan ìlú kejì.

La bá sọ ọ́ ní Dúró-Díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la béèrè: kí agogo dún, kí ọwọ́ sọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sórí bébà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Yunifásítì, èmi tí mo gboyè tán tí mo wá ń fi sáńpépà ha irin. Alága, tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Séwu, dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

"Yunifásítì, kọ ọ́ kó le! Tí agogo bá ti dún, òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́!"

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ńkọ́, sà?"

"Kọ ìyẹn náà sí i! Ì báà jẹ́ pàjáwìrì, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló pàṣẹ, ì báà jẹ́ èmi alára!"

Mo kọ ọ́.

Dúró-Díẹ̀ ní òun ò buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwa náà daṣẹ́ sílẹ̀. Kò-Séwu wá kéde pé títí ọ̀gá á fi buwọ́ lùwé, ẹni tó bá fọwọ́ kan irinṣẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni. Nígbà tó yá tí ọ̀gá ò dá wa lóhùn, ó gbé ṣéènì kan dé láti ilé, ó nípọn bí apá ọmọ ọwọ́. Ó wé e mọ́ ìbàdí, ó wé e mọ́ géètì kékeré tí a ń gbà wọlé, ó fi àgádágodo há a.

Kọ́ọ̀!

"Ẹ wò mí dáadáa!" ló pariwo. "Kọ́kọ́rọ́ rèé!"

Ìyàwó rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn ògiri, lójú títì, kó lè gbá kọ́kọ́rọ́ mú. Alága jù ú kọjá orí ògiri. Fìììì! Ọkọ̀ akóyanrìn kan ń kọjá lọ. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sórí iyanrìn, pẹ́! Ọkọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Fùùùù, ó lọ.

"Bàbá ọmọ mi," ìyàwó ké láti ẹ̀yìn ògiri, "kọ́kọ́rọ́ ti wọkọ̀ o!"

"Ó wọkọ̀ lọ síbo?"

"Ṣé ó dágbére fún mi ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí!

Kò-Séwu na ọrùn wo òkè ògiri. "Kò séwu," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rí tín-ń-rín.

Oòrùn pa á títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni Dúró-Díẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ti gbà. Òun ń rìnrìn àjò, ìyàwó òun ti ń dúró de òun nínú mọ́tò, òun ò sì fẹ́ wàhálà. Àmọ́ òun ò ní buwọ́ lùwé lẹ́nu géètì bí ẹni ń ra ìgbálẹ̀. Kí alága wá bá òun ní ọ́fíìsì. Tí agogo bá dún tí kò tíì dé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Wẹ́dà, àgbàlagbà tó ni ayùn ìgérin.

"Bàbá, ẹ gé ṣéènì yìí, ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá Wẹ́dà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Ṣé ayùn kì í ṣe irinṣẹ́ ni? Ṣé ọjọ́ ogbó mi lẹ fẹ́ kí n di ọ̀dàlẹ̀?"

"Èmi alága ni mo ní kí ẹ gé e!"

"Ẹ̀yin alága náà lẹ ṣòfin."

Ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Tí alága ò bá lè kúrò lára géètì, ṣé géètì ò lè bá alága lọ ni?"

A wo ara wa. Wọ́n kàn gbé géètì yẹn kọ́ mọ́ òpó ni. Ẹni tó bá gbé e sókè, á yọ. Ọwọ́ lásán kì í sì í ṣe irinṣẹ́!

"Ó yá! Ẹ gbé e! Hẹ́ẹ̀ẹ̀!"

Kẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀, géètì yọ. Àwọn géńdé gbé e, alága ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Tí wọ́n bá sáré, ó sáré. Tí wọ́n bá gbé e ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wa afẹ́fẹ́ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.

"Ẹ rọra! Èèyàn ló wà lára rẹ̀!"

Dúró-Díẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. "Kí lẹ gbé bọ̀ yẹn?"

"Alága ni, sà!"

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Géètì yín ni, sà!"

Géètì nìkan ì bá gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kọjá. Géètì pẹ̀lú ikùn alága ni kò gbà. Gbàgà! Ó há. A tì í, kò lọ. A fà á, alága ké bí ewúrẹ́.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Orí mi ti wọlé, ọwọ́ mi ti wọlé! Ẹ mú bébà wá!"

Dúró-Díẹ̀ buwọ́ lù ú. Kò-Séwu náà buwọ́ lù ú. Bó ṣe gbé bírò kúrò lórí ìwé báyìí:

Kìríríríríìn!

Agogo nìkan ni kò bá wa daṣẹ́ sílẹ̀.

Ariwo ayọ̀ sọ! À ń bọ ara wa lọ́wọ́, kálukú ń gbé báàgì.

"Bàbá Wẹ́dà!" Kò-Séwu ń ké. "Ọ̀rọ̀ ti parí! Ẹ wá gé mi!"

"Agogo ti dún, alága."

"Pàjáwìrì ni!"

"Ì báà jẹ́ pàjáwìrì."

"Èmi ni mo pàṣẹ!"

"Ì báà jẹ́ ẹ̀yin alára. Yunifásítì kọ ọ́ dáadáa."

Yéè! Ìfun mi fẹ́ já fún ẹ̀rín. Nínú ọ́fíìsì, Dúró-Díẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, kè-kè-kè, ó gbé àpò rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rín dá.

Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì yẹn ní, alága ló sì dí i bí ìdérí ìgò. Fèrèsé ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká jó irin mọ́ gbogbo rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ má bàa jí bírò òun. Lẹ́yìn agogo ló sì ní ká jó o!

Pọ̀ọ̀! Pọ̀ọ̀! Ìyàwó ọ̀gá ń fọn fèrè mọ́tò níta.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ọ̀gá ké, "ẹ dúró díẹ̀!"

Ta ló dúró? Àwọn tí orúnkún ń dùn gan-an sáré.

Bàbá Wẹ́dà nìkan ló ṣàánú wọn. Ó fi aṣọ wé ọwọ́ kó má bàa kan ayùn, ó tì í gba àárín irin fèrèsé wọlé. "Kí n na nǹkan síni kì í ṣe iṣẹ́," ó ní. "Ẹ̀kọ́ ilé ni."

Báyìí ni ọ̀gá tí kò di irinṣẹ́ mú rí láyé ṣe ju táì sẹ́yìn, tó kúnlẹ̀ síwájú ikùn alága. Ẹ̀ẹ̀-rẹ̀ẹ̀, ẹ̀ẹ̀-rẹ̀ẹ̀. Òógùn ń kán, tó, tó, tó. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ṣéènì ń wò ó níran.

"Ó tó," ó mí gúlegúle. "Ọwọ́ mi ti bó. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó."

Kò-Séwu fara ti géètì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ dúró díẹ̀."

Èmi àti ìyàwó alága ló kù lójú fèrèsé, à ń di ẹ̀gbẹ́ mú. Dúró-Díẹ̀ yọ́ wá bá wa, ó ti ẹnu bọ àárín irin, ó sọ ohùn kalẹ̀.

"Yunifásítì, ọmọ mi. Òfin agogo yẹn, ṣé ó kan èmi náà?"

"Rárá, sà. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló wà fún."

Ó fi táì nu òógùn. Ó bojú wẹ̀yìn wo alága. Ó tún sún mọ́ mi.

"Ẹgbẹ́ yín yìí, báwo lèèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́?"