Owú Ló Fẹ́ Gbé Mi Dé Yàrá Ẹ́ksíréè

Ọjọ́ tí mo gbé ìbàdí tí nǹkan kan ò ṣe lọ sí ọsibítù ní Ìdó-Èkìtì ò lè kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Ìkọ̀lé là ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi, àbúrò rẹ̀ àti ìyàwó tiẹ̀, pẹ̀lú ìyá ọkọ wa, nínú ilé kan ṣoṣo. Ọmọ kan ni mo bí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, Ìyá Ìbejì, ti bí mẹ́ta. Ẹ ti mọ ibi tí owú ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kadà wá gbé Ìyá Ìbejì ṣubú, apá rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdó, wọ́n ya ẹ́ksíréè fún un. Ńṣe ni ìyá ọkọ wa ń na fíìmù dúdú náà sójú fèrèsé fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Ẹ wo egungun ìyàwó mi!" Wọ́n ń gbé iṣu wá, wọ́n ń gbé adìyẹ wá. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà nílé yẹn, ẹnikẹ́ni ò yin egungun mi rí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìbàdí tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń tiro káàkiri ilé. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ òsì lo fi ń tiro lánàá ni?" Mo ní ó ti ràn dé ọ̀tún.

Ìyá ọkọ mi ló bá mi wọ bọ́ọ̀sì. Kí ọwọ́ dókítà tó kan ìbàdí mi, mo ti kígbe. Ó ní oògùn ìrora ti tó. Mo ní àfi ẹ́ksíréè.

Dókítà dá mi lóhùn: "Màmá, ẹ́ksíréè kì í ṣe fọ́tò ọdún Kérésì o. Ẹni tí apá rẹ̀ kán, àǹfààní ibẹ̀ pọ̀ fún un ju ewu ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà ń tàn síni lára lọ. Ẹni tí kò nílò rẹ̀, ewu nìkan ló máa gbé relé, bó ti wù kó kéré tó. Ṣé ẹ ò lóyún?"

"Rárá o."

"Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Irọ́ funfun! Mi ò tilẹ̀ kà á mọ́, mo ti sọ̀rètí nù tipẹ́.

Ni ìyá ọkọ mi bá dáhùn lẹ́yìn mi: "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn. Àràárọ̀ ló ń tutọ́ lẹ́yìn ulé. Ó rò pé mi ò rí òun."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò. Oyún ti wà nínú mi.

"Ọ̀gangan ibi tí ọmọ wà lẹ fẹ́ kí n tan ìtànṣán sí yẹn," ni dókítà wí. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ pé nǹkan kan ò ṣe ìbàdí mi rí.

Ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ mi. "Ṣé o ń jowú Ìyá Ìbejì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀rín pa á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Dìde, ká lọ sí ulé. Rọra o."

Kí n tó bọ́ bàtà, ó ti rò fún gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí apá rẹ̀ fi ń dùn ún.

Obìnrin ni mo bí. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó jábọ́ lórí igi máńgòrò, dókítà ní àfi ẹ́ksíréè, mi ò sì jiyàn, mo gbé e lọ kíákíá. Ọ̀rọ̀ dókítà ni mo ń gbọ́ báyìí, mi ò gbọ́ ti owú mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá dá jókòó, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín: ta ló ń jowú apá tó kán?