Ibi tí Olóúnjẹ Ẹja Dúró Sí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, kí a tó ní ó ti rẹ ẹja, ká kọ́kọ́ wo ibi tí olóúnjẹ rẹ̀ dúró sí? Èmi gbọ́ ìdí kan. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun gan-an ni, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó dára jù ú lọ.

Dókítà Àrínọlá, onímọ̀ kan ní yunifásítì, fi ọdún mẹ́ta ṣèwádìí àìsàn ọkàn lára ẹja abilà kéékèèké. Ó ní ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ kan tí ẹ̀rọ ń ti omi gba inú rẹ̀. Ẹja a máa lúwẹ̀ẹ́ dojú kọ omi náà. Wọn a máa fi kún eré omi ní ìpele-ìpele, títí yóò fi rẹ ẹja, tí omi yóò sì gbé e ti àwọ̀n tó wà lẹ́yìn. Ìpele tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni wọ́n fi ń mọ bí ọkàn rẹ̀ ti lágbára tó.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégorúsì, olórí ẹ̀ka wọn, wá wo ìdánwò náà. Bí ẹ̀rọ kò bá lè ya ẹja aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ara rẹ̀ le, wọn yóò ti yàrá ìwádìí Dókítà pa.

Dókítà dúró níwájú ọ̀pá, níbi tí omi ti ń wọlé, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bàbá Ògúndépò, tó ń tọ́jú ẹja, dúró lẹ́yìn níbi àwọ̀n, nídìí bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Wọ́n fi ẹja aláìsàn sí i. Ìpele kìíní, ó ń lọ. Ìkẹta, ó ń lọ. Ní ìkeje, ó ń fẹnu gún gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ jáde kí Dókítà.

“Aláìsàn nìyẹn?” Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sàn o. Ta ni yóò lé e bá?”

Wọ́n fi èyí tí ara rẹ̀ le sí i. Ní ìpele kìíní, ó yí padà, ó rọra lọ fara ti àwọ̀n.

“Ẹ fi kún un, Bàbá,” ni Dókítà wí.

Bàbá fi kún un títí dé ìkeje. Ẹja kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Bàbá kò lè mú un mọ́ra. Ó fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sáré wá síwájú, ó fi imú kan gíláàsì. “Ọmọ mi, má dójú tì mí! Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń bọ́ ọ láràárọ̀?”

Ẹja já kúrò lára àwọ̀n, ó la omi ìpele keje kọjá, ó wá bá a.

Bírò dúró. “Bàbá, ẹ padà sẹ́yìn.”

Bàbá padà. Ẹja bá a padà.

“Àwọn aláìsàn ńkọ́? Ta ní ń bọ́ wọn?”

Dókítà wolẹ̀. “Èmi ni, sà. Àánú wọn ló ń ṣe mí.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n lé àwọn méjèèjì síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ìdánwò náà ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ariwo omi nìkan.

“Dókítà, ẹja mi kì í ṣe ọ̀lẹ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.”

Ilẹ̀kùn ṣí. “Èyí tí ara rẹ̀ le dé ìpele kẹjọ. Aláìsàn ṣubú ní ìkẹta. A kò ní ti yàrá yín.” Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìwé tó ti kọ ya. “Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn o: kí a tó ní ó ti rẹ ẹja, ká kọ́kọ́ wo ibi tí olóúnjẹ rẹ̀ dúró sí.”