Ojú Tó Yẹ Kó Wà Lórí Ìdérí Ọ̀dà

Bí ẹ bá ń wá ọwọ́ tó mọ́, ẹ bọ Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà lọ́wọ́. Èékánná rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ju abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun nínú rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá tó ta eruku, á yà sẹ́yìn, á gbọn ara nù bí adìyẹ tí òjò pa. Ohun tó sì sọ irú ọkùnrin yìí di olókìkí ni ìdọ̀tí.

Àga ló ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní alága tàbí alájàpá àga, kò ní dáhùn. Lórí fóònù ló ti jẹ oyè Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ kí ara rẹ̀ kú oríire. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé fọ́tò jáde: òun àti Bíńtín, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí wọ́n jọ jókòó ti abọ́ ọ̀dà pupa, tàbí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi po, tàbí ọṣẹ tó ń hó. Abẹ́ fọ́tò ni ọgbọ́n máa ń wà.

“Bàbá tí kò bá dọ̀tí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀.”

“Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ jù, ọpọlọ rẹ̀ ló ń dọ̀tí.”

Àwọn ìyá tó bá ka èyí á wo ọkọ tiwọn tó na gbalaja sórí àga, wọn á mí kanlẹ̀. Àwọn ọkọ náà á wo Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà, wọn á gbé e ṣépè lábẹ́nú. Ọ̀kan ṣoṣo ni kì í mí kanlẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ìyá Bíńtín ni, aránṣọ tí ń gbé fóònù lọ́wọ́ tí ń ya fọ́tò náà.

Ìyá Bíńtín mọ bí wọ́n ṣe ń sè é.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ rẹ̀ á wọ kóòtù funfun. Á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀, á tún tẹ́ òmíràn lé e, kí ilẹ̀ má baà mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn àga funfun inú ilé náà wà nínú ọ̀rá tí wọ́n bá dé láti ilé iṣẹ́. Ẹni bá jókòó lé wọn, wọn á máa dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ọkọ á fi búrọ́ọ̀ṣì ìtọ́jú ojú ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀dà díẹ̀, á kán ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bíńtín, á kán ọ̀kan sí imú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á na ọwọ́ méjèèjì sórí abọ́.

“Gbé e sókè díẹ̀. Sí i. Ya ìka. Rẹ́rìn-ín.”

Fóònù á dún. Bí ìka ọmọ bá sún mọ́ ọ̀dà nígbà náà, bàbá á na ìka ìfábẹ̀lá tirẹ̀ sókè bí adájọ́:

“Má fọwọ́ kàn án! Ti fọ́tò ni.”

Ìyá á mú táwẹ̀lì tútù, á nu ojú ọmọ, á nu imú ọkọ. Ìdérí á padà sórí ọ̀dà, ọ̀dà á padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ike ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi ya gbogbo fọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dín. Ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu! Àwọn òbí mìíràn ń ra ọ̀dà títí ọrùn fẹ́ já, tiwọn wà bí òkun.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Bíńtín wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ wá fi àgbọ̀n lé e nítan.

“Màmi, ṣé ọ̀dà máa ń tutù ni, àbí ó máa ń gbóná?”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ọmọ.

“Á tutù, mo rò pé.”

“Ẹ̀yin náà ò tíì fọwọ́ kàn án?”

Ìyá padà sídìí aṣọ tó ń rán. Ó ti ń nu ọ̀dà lójú èèyàn méjì fún ọjọ́ pípẹ́, táwẹ̀lì ló sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà àwọn ọmọdé kéde pé àwọn ń wá bàbá kan tí yóò wà lórí ìdérí gbogbo ike ọ̀dà àwọn. Bàbá tó ń bá ọmọ ṣeré lóòótọ́ ni kó jẹ́. Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà gbọ́ “ìdérí”, kò gbọ́ “lóòótọ́”. Ó fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ padà pé àwọn ń bọ̀ wá wo òun àti ọmọ rẹ̀ nílé.

Ilé ò gbà á mọ́. Ó ra dígí tuntun láti máa fi dán ẹ̀rín wò. Ó ní ẹ̀rín ti apá òsì níyì jù, ti apá ọ̀tún ló láàánú. Bí oníbàárà bá wá wo àga, ojú tirẹ̀ ló ń fi hàn wọ́n.

“Ẹ wò mí dáadáa. Láìpẹ́, gbogbo ilé tó bá lọ́mọ, ojú mi ni wọn yóò kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí ọ̀dà.”

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ náà nídìí oúnjẹ.

“Ṣíbí ni wọ́n fi ń ṣí ìdérí yẹn,” ni ìyàwó wí.

“Kí lo sọ?”

“Mo ní ojú yín á níṣẹ́.”

Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, obìnrin náà fún un nímọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó fún un tọkàntọkàn.

“Bàbá Bíńtín, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò lówó lórí. Kí ọmọ náà sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀dà lónìí, kó lè mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yìnkùlé kẹ̀? Ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá ni? Ojú ni wọ́n ń wá! Pálọ̀ ni, lójú àga funfun. Ìwọ ṣáà di fóònù ẹ mú. Bí ilé bá ń jó, o ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Ó pe àdúgbò jọ kí wọ́n wá jẹ́rìí. Oníbúrẹ́dì òdìkejì títì kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì wá. Baba Onítáyà tí ń lẹ táyà ní ìkòríta wá pẹ̀lú, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í jò bí táyà rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń gún ju ìṣó lọ. Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà ní kó dúró ti ẹnu ọ̀nà nítorí gírísì. Ó ti bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn àga fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ó to ike ọ̀dà pupa àti àwo ìyẹ̀fun pípò sí àárín ilé bí ẹni to ẹbọ.

Ìyáàfin tó wá láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà kò kún ojú. Ṣòkòtò rẹ̀ ní àbàwọ́n ewéko lórúnkún, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ìdúró.

“Èmi tí ẹ ń wò yìí, inú ọ̀dà ni mo ń gbé. Ọmọ mi kì í sùn bí a ò bá dọ̀tí. Bí odò bá gbàgbé orísun, ó lè ṣàn fún ọjọ́ díẹ̀. Bàbá tó bá gbàgbé ìyẹ̀fun pípò, kò ní ṣàn rárá. Àwọn ọkùnrin kan wà, mi ò dárúkọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tí wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ni ìwé àkọ́kọ́ tí...”

“Ẹ ṣeun, sà,” ni ìyáàfin náà wí. “Ẹ máa bá eré yín lọ. Ẹ ṣe bí ẹni pé a ò sí níbí.”

Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe láyé nìyẹn.

Ó pe Bíńtín. Ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀ ti abọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí ọ̀dà, ó ya ìka, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró.

Gbogbo pálọ̀ dúró tì í.

Ọmọ ò mira. Eyín rẹ̀ wà lóde bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó pẹ́ títí, ó yí ojú sí ìyá rẹ̀, kò sì mú ẹ̀rín náà kúrò.

“Màmi, ṣé ẹ ti yà á? Ẹnu ń ro mí.”

Ẹnìkan ṣe “hẹn” lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ mi, ṣeré,” ni bàbá wí, pẹ̀lú ẹ̀rín apá òsì.

“Mo ń ṣe é, Dádì.”

Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì kò lè fara dà á mọ́. Ó sáré wọlé, ó na ọwọ́ sí ọ̀dà. Bíńtín gbá a lọ́wọ́ fàà, ó na ìka ìfábẹ̀lá sókè bí adájọ́.

“Má fọwọ́ kàn án! Ti fọ́tò ni!”

“Ẹ gbọ́ ohùn yẹn,” ni Baba Onítáyà wí. “Ta ló jọ?”

“Bàbá ẹ̀ ni,” ni oníbúrẹ́dì dáhùn. “Ìka yẹn gan-an tirẹ̀ ni.”

“Àwàdà ni!” Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà ń rẹ́rìn-ín apá méjèèjì báyìí. “A máa ń ṣàwàdà púpọ̀ nílé yìí.”

Ìyáàfin ilé iṣẹ́ sún mọ́ ọmọ náà.

“Bíńtín, bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, kí lẹ máa ń ṣe?”

“Màmi á nu ojú mi. Dádì á gbé ọ̀dà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.” Ọmọ náà wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù. “Tí mo bá ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, mo máa fọwọ́ kàn án.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín síyẹn. Ìyá Bíńtín gbé ojú kúrò lára fóònù, ó wo ọmọ rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́wọ́-Ọ̀dà rí i pé ojú òun ti ń yọ̀ kúrò lórí ìdérí. Ó kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ ká ṣòkòtò kúrò lórúnkún.

“Bíńtín mi, òní kì í ṣe ti fọ́tò.”

“Lóòótọ́?”

“Lóòótọ́. Fọwọ́ kàn án.”

Ìka kan ló ní lọ́kàn. Orí ìka ni, kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.

“Ọwọ́ méjèèjì?”

Ó wo ìyáàfin ilé iṣẹ́. Ó wo àwọn ará àdúgbò tí òun fi ọwọ́ ara òun pè.

“Mé... méjèèjì.”

Bíńtín ki ọwọ́ bọ ọ̀dà títí dé ìgúnpá. Ó di ojú.

“Màmi,” ó wí jẹ́jẹ́, “ó tutù.”

Àwọn ọmọ oníbúrẹ́dì ò tún bèèrè àṣẹ. Ọ̀kan fò mọ́ ìyẹ̀fun, ọ̀kan fò mọ́ ọ̀dà, àga funfun àkọ́kọ́ sì pàdé ayé. Bíńtín la ojú, ó rí bàbá rẹ̀ níwájú rẹ̀ lórúnkún. Lọ́jọ́ tí ayọ̀ rẹ̀ kún jù lọ, ẹni tó fún un láyọ̀ náà ló fẹ́ dì mọ́. Ó na ọwọ́ pupa méjèèjì, ó ń bọ̀.

“Dúró níbẹ̀! Dúró! Kóòtù mi! Ọmọ yìí dọ̀tí! Ẹ gbé e kúrò lára mi!”

Ó dìde, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sá. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọmọdé ò gùn, ó yá. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bà á lẹ́yìn, pàkà, pàkà, lára kóòtù, lókè ìbàdí.

“Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ jù ńkọ́, Bàbá?” ni Baba Onítáyà pariwo.

“Ọpọlọ rẹ̀ ló ń dọ̀tí!” ni gbogbo pálọ̀ gbè.

“Bàbá tí kò bá dọ̀tí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀?”

“Àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀!”

“Ìyá Bíńtín!” Àlejò náà ti ń gun orí àga. “Táwẹ̀lì! Mú táwẹ̀lì wá!”

“Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, sà.”

Bàbá bẹ́ sílẹ̀, ó tẹ ìyẹ̀fun pípò, ó yọ̀ gba gbogbo àárín ilé kọjá, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tí omi ń dà. Ọmọ dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ń kán pupa sílẹ̀.

“Dádì, ẹ jáde. Ẹ ní òní kì í ṣe ti fọ́tò.”

Ìyáàfin ilé iṣẹ́ ti ká apá aṣọ sókè. Ìyá Bíńtín wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo fọ́tò tó yà kẹ́yìn, ó sì gbé e sílẹ̀ nígbà tó wù ú. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abọ́. Lóòótọ́, ó tutù.

Ọ̀dà náà jáde nínú kóòtù ní fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń ṣèlérí. Ọkùnrin kan yàn láti sá fún ohun tí omi lásán lè fọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò ṣeé fọ̀. Ilé iṣẹ́ bèèrè fọ́tò tó kẹ́yìn yẹn lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ẹni tó yà á sì fún wọn.

Ó wà lórí ìdérí báyìí: kóòtù funfun kan tó ń sá lọ, àtẹ́lẹwọ́ pupa kékeré méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kankan ò sí níbẹ̀. Ike kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, nílẹ̀, níbi tí ọwọ́ Bíńtín ti tó o, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣíbí ló fi ń ṣí i.

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù àga lónìí, wọn á wo ọ̀gá níwájú títí, wọn á mi orí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ yí ẹ̀yìn padà ká wò ó, bóyá ẹ̀yin náà ni.”